Màmá mi ń wúkọ́ ní Òjé, èmi wà l'Ékòó: báwo ni dókítà orí fóònù ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an?

ỌmọOlófì
9 Oṣù Kẹfà 2020, 9:40 alẹ́

Ẹ káalẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ má bínú pé ó máa gùn díẹ̀, orí mi ló ń gbóná. Òjé n'Ìbàdàn ni màmá mi ń gbé, ọdún 69 ni wọ́n, òfì ni wọ́n ń tà, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti wà lára wọn ó tó ọdún mẹ́jọ. Oṣù kejì ọdún yìí ni wọ́n lọ kíníìkì kẹ́yìn, wọ́n fi oògùn kan kún èyí tí wọ́n ń lò, wọ́n ní kí wọ́n padà wá lóṣù kẹrin. Kòrónà dé. Nígbà tí àbúrò mi máa fi pe ibẹ̀ (mi ò ní dárúkọ wọn) wọ́n ní kíníìkì tí kì í ṣe pàjáwìrì ti dúró ná, pé àwọn á pè wá. Títí dòní, a ò gbọ́ nǹkankan.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ikọ́. Ó ti lé lóṣù méjì tí wọ́n ti ń wúkọ́ gbígbẹ, kò sí kẹ̀lẹ̀bẹ̀, kò sí ibà, òórùn ṣì ń dé imú wọn dáadáa, àmàlà sì ń wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ikọ́ jẹ́ lásìkò yìí. Àwọn tí wọ́n jọ ń tajà ti gbé àga wọn jìnnà sí tiwọn, ẹnìkan tiẹ̀ ní kí wọ́n má wá sípàdé ẹgbẹ́ mọ́. Màmá mi yìí o, tó jẹ́ pé tí wọn ò bá tí ì fi èèyàn mẹ́wàá ṣe yẹ̀yẹ́ kó tó di ọ̀sán, ilẹ̀ ò tí ì mọ́ lójú wọn. Inú yàrá ni wọ́n ń jókòó sí báyìí tí wọ́n ń gbọ́ rédíò. Wọ́n ní àwọn ò lọ sọ́sibítù kankan, pé ẹni tó bá wúkọ́ níbẹ̀ lásìkò yìí kì í padà wálé.

Èmi wà l'Ékòó, wọn ò tí ì jẹ́ ká rìn láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n wá dókítà orí fóònù fún wọn. Fóònù tọ́ọ̀ṣì ni màmá ń lò. Àbúrò mi obìnrin tó wà lọ́dọ̀ wọn ní Android, àmọ́ ó máa ń lọ síbi iṣẹ́. Ṣé ó ṣeé ṣe báyìí? Èló ni? Kí ni dókítà fẹ́ rí látinú fóònù?

ÌyáÌbejì_Mọ́kọ́lá
Ẹ pẹ̀lẹ́ àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀ ná, kì í ṣe gbogbo ikọ́ ni kòrónà o. Ó ṣeé ṣe dáadáa. Bàbá mi ní ìtọ̀ ṣúgà, orí fóònù la ti ń bá dókítà wọn sọ̀rọ̀ láti oṣù kẹrin. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ bí tàkọ́kọ́ ṣe rí kó má baà ṣẹlẹ̀ sí yín. Dókítà ní, Bàbá, oògùn wo lẹ ń lò? Bàbá ní, funfun kékeré kan báyìí, àti èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, alẹ́ ni mo máa ń lo ìyẹn. Dókítà ní kí wọ́n bá òun ka orúkọ ara ẹ̀. Bàbá ní awò ojú àwọn wà ní mọ́ṣáláṣí, mọ́ṣáláṣí sì wà ní títì. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá páálí oògùn káàkiri, àṣé ìyá mi ti tú gbogbo tábúlẹ́ẹ̀tì sínú agolo Bournvita kan ṣoṣo kó má baà dọ̀tí. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tá a sanwó fún, inú agolo yẹn ló parí sí.

Kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, kí àbúrò yín kó gbogbo oògùn màmá sórí tíréè, títí kan èyí tí wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri, títí kan àgbo, kó ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn páálí kọ̀ọ̀kan níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kó ya káàdì kíníìkì náà mọ́ ọn. Kó fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Ìyẹn nìkan ti tó ìdajì iṣẹ́.

Nọ́ọ̀sìTóTiFẹ̀yìntì
Ọmọ mi, kú ìtọ́jú. Ṣé ẹ ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá nílé? Tí kò bá sí, owó ìyẹn ni kó o kọ́kọ́ wá kó o tó wá ti dókítà. Dókítà orí fóònù ò lọ́wọ́ tó máa fi kan màmá, ẹni tó wà nílé ló máa jẹ́ ọwọ́ fún un. Èyí tó ń di apá lókè ni kẹ́ ẹ rà, ẹ fi ti ọrùn ọwọ́ sílẹ̀, ó máa ń ṣìnà. Kẹ́ ẹ sì wo bí apá màmá ṣe tóbi tó, torí tí bẹ́líìtì ẹ̀ bá kéré fún wọn, nọ́ńbà á ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Bí wọ́n ṣe máa wọ̀n ọ́n nìyí. Kí wọ́n kọ́kọ́ lọ tọ̀. Kí wọ́n jókòó sórí àga tó ní ẹ̀yìn, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí wọ́n má gbé ọ̀kan lé èkejì, kí apá wà lórí tábìlì ní déédéé àyà. Kí wọ́n sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí wọ́n ká apá bùbá sókè o, ara gan-an ni wọ́n ń dì í mọ́. Kí wọ́n má sì sọ̀rọ̀. Mo ti bá àwọn ìyá Ìbàdàn ṣe é fún ọdún 33, ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń fún wọn lápá gan-an ni wọ́n máa rántí ẹni tó jẹ wọ́n lówó. Ọ̀rọ̀ sísọ nìkan lè fi nǹkan bíi 10 lé e, ìtọ̀ tó kún inú náà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀ kí wọ́n tó lo oògùn, ẹ̀ẹ̀mejì lálẹ́, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín, fún ọjọ́ méje. Ẹ wá ìwé ẹ́sásáìsì kan, ẹ kọ ọjọ́, aago, nọ́ńbà òkè àti ti ìsàlẹ̀ síbẹ̀. Kẹ́ ẹ má ka ti ọjọ́ kìíní mọ́ ọn, àyà wọn á ṣì máa já nítorí ẹ̀rọ. Ìwé yẹn ni dókítà máa lò, kì í ṣe "ó ga díẹ̀ lánàá".

Ìbéèrè kan. Oògùn tí wọ́n fi kún un lóṣù kejì yẹn, ikọ́ yìí ti wà ṣáájú ẹ̀ ni, àbí ẹ̀yìn ẹ̀ ló dé?

ỌmọOlófì
Ẹ ṣé gan-an mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè wọ́n. Wọ́n ní ẹ̀yìn ẹ̀ ni, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Fọ́tò náà ti dé: amlodipine ni ti tẹ́lẹ̀, lisinopril ni tuntun. Ìgò àgbo méjì tún wà níbẹ̀ tẹ́nìkan ò sọ fún mi nípa ẹ̀ rí, àti Panadol tí ọjọ́ ẹ̀ ti kọjá látọdún tó lọ.

OníkẹmíìsìAgbowó
Haa! Lisinopril. Famásíìsì ni mí, ẹ jẹ́ n bá yín dá sí i.

Ìdílé oògùn yẹn, àwọn tí orúkọ wọn máa ń parí sí "pril", wọ́n máa ń fa ikọ́ gbígbẹ fáwọn kan, ó sì wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ. Ó lè jẹ́ lọ́jọ́ díẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ló máa yọjú, ó sì lè tó oṣù díẹ̀. Mi ò ní òun ni o, mi ò rí màmá. Àmọ́ gbólóhùn tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ sọ fún dókítà nìyẹn: oògùn báyìí, ọjọ́ báyìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ọjọ́ báyìí ni ikọ́ dé.

Ẹ MÁ DÁ OÒGÙN DÚRÓ FÚNRA YÍN. Mo fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ torí láti oṣù kẹta ni wọ́n ti ń pín in kiri orí WhatsApp pé àwọn "pril" yìí ló ń ṣílẹ̀kùn fún kòrónà, mo ní kọ́sítọ́mà kan tó da tiẹ̀ sí ṣálángá. Ìbéèrè làwọn onímọ̀ ń béèrè nígbà yẹn, wọn ò tí ì ní ìdáhùn kankan, àwọn ẹgbẹ́ dókítà ọkàn ní Yúróòpù àti l'Amẹ́ríkà sì jáde lóṣù kẹta yẹn náà pé kẹ́nikẹ́ni má jáwọ́ nínú oògùn ẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ru gùdù lójijì lè gbé èèyàn lọ kí kòrónà tó mọ àdúgbò ẹ̀.

Èkejì, tí dókítà bá pààrọ̀ oògùn, kó fi kíkọ ránṣẹ́ sí yín, orúkọ, miligíráàmù, ìgbà mélòó lójúmọ́. Ẹ má gbà á lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọmọkùnrin kan wá bá mi pé dókítà ní kí òun ra "lo nǹkan". Lo kí ni? Losartan ni, loratadine ni, lorazepam ni? Ọ̀kan fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀kan fún ara yíyún, ọ̀kan máa múni sùn bí òkú. Mo ní kó padà lọ pè é.

BàbáAlágbo
Gbogbo yín kàn ń ṣe bí òyìnbó ni. Madagascar gbé àgbo kòrónà tiwọn jáde lóṣù kẹrin, Ààrẹ wọn mu ún lójú gbogbo ayé. Gómìnà wa Makinde náà, 30 oṣù kẹta ló ní òun ti kó kòrónà, bí ọ̀sẹ̀ kan sígbà yẹn ó ti bọ́, ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ pé oyin, black seed àti kárọ́ọ̀tì ni. Ẹ fún màmá ní orógbó àti oyin, ikọ́ á lọ. Dókítà tó wà nínú fóònù, báwo ló ṣe máa gbá èèyàn láyà mú?

Nọ́ọ̀sìTóTiFẹ̀yìntì
Ẹ káalẹ́ bàbá. Mi ò bá àgbo jà, eléwé ọmọ ni ìyá tó bí mi. Àmọ́ Gómìnà fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́ lọ́jọ́ tó kéde pé òun ò ní àmì àrùn kankan lára. Ẹni tí àrùn ò bá jà, ẹ wá ń kí kárọ́ọ̀tì kú iṣẹ́. Oyin ò ní pa màmá lára, tí wọn ò bá ti ní ìtọ̀ ṣúgà. Àgbo inú ìgò méjì yẹn ni mo fẹ́ kí dókítà mọ̀ sí, torí àwọn míì máa ń lé omi jáde lára, àwọn míì máa ń ti ẹ̀jẹ̀ sókè, tó bá wá pàdé oògùn kíníìkì nínú ara, ẹ̀yin náà mọ̀.

BàbáAlágbo
Ẹ ti gbìyànjú. Mi ò tí ì gbà o.

AtúnfóònùṢe_Dùgbẹ̀
Èmi ò mọ oògùn, fóònù ni mo mọ̀. Àǹtí mi, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ fídíò dá yín lágara. Fóònù tọ́ọ̀ṣì màmá ti tó láti fi sọ̀rọ̀, fọ́tò ló nílò Android, ẹ sì lè fi fọ́tò ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú nígbà tí àbúrò bá wà nílé. Tó bá jẹ́ pé dókítà fẹ́ rí wọn lójú, WhatsApp ti fi kún iye èèyàn tó lè wà lórí ìpè kan láti oṣù kẹrin, mẹ́rin ni tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di mẹ́jọ, ìyẹn ni pé ẹ̀yin l'Ékòó, màmá ní Òjé, dókítà níbi tó bá wà, ẹ lè jọ wà níbẹ̀ pọ̀. Ìyẹn ló dáa jù torí màmá ò ní rántí gbogbo ohun tó sọ.

Ẹ ṣe é láàárọ̀ kùtù kí gbogbo àdúgbò tó jí sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nínú sẹ́tíǹgì WhatsApp ibì kan wà tẹ́ ẹ ti lè sọ fún un pé kó má jẹ dátà púpọ̀ tẹ́ ẹ bá ń pe ìpè, ẹ tàn án. Kí màmá kọjú sí fèrèsé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kẹ̀yìn sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òjìji ni dókítà máa rí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé fóònù dání, àwọn àgbà máa ń gbé e mọ́ etí, etí ni dókítà á máa wò títí ìpè á fi parí (ó ti ṣẹlẹ̀ sí ìyá mi, etí kan náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá). Ẹ fi ti agolo lórí tábìlì. Kẹ́ ẹ sì rí i pé ó gba iná kún lálẹ́, ẹ ò lè finú tán NEPA.

ỌmọBàdàn_Lọ́ńdọ̀nù
Láti oṣù kẹta lọ́dọ̀ wa níbí náà, orí fóònù ni GP (dókítà àdúgbò) kọ́kọ́ ń bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó pinnu ẹni tó máa wá fojú ara ẹ̀ hàn, torí náà kì í ṣe nǹkan òtòṣì o. Ohun tí mo fẹ́ kìlọ̀ fún yín ni àwọn ayédèrú tó kún orí ayélujára. Dókítà gidi ní nọ́ńbà fólíò, ìyẹn nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ẹ̀, lọ́dọ̀ MDCN, àjọ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹ bi í, inú kì í bí dókítà gidi sí i. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó sákáùntì ìyàwó òun, ẹ sá. Ẹni tó bá jẹ́ pé oògùn tóun fúnra ẹ̀ ń tà ló kọ fún yín, ẹ sá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ bá mi bẹ àbúrò yín kó má gbé nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ màmá sórí gúrúùpù mọ̀lẹ́bí. Tèmi, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ló gbé èsì àyẹ̀wò ìyá mi síbẹ̀ "fún àdúrà", èèyàn 43, kí ilẹ̀ tó ṣú, ará Ṣàkì kan tí mi ò rí rí ti pè mí pé òun gbọ́ pé kíndìnrín màmá ti bàjẹ́. Kíndìnrín wọn ò ṣe nǹkankan.

ÀnáBàbáÀpáta
Ẹ jẹ́ kí n bu omi díẹ̀ sí i, ẹ má bínú. Bàbá ìyàwó mi, oṣù kẹrin, lówùúrọ̀ ọjọ́ Sátidé. Wọ́n fẹ́ mu tíì, kọ́ọ̀bù já bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní ọwọ́ ló kú tipiri. A wo ojú wọn, ẹnu ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Torí pé a ti forúkọ sílẹ̀ lórí áàpù kan, a kọ gbogbo ẹ̀ síbẹ̀, wọ́n ní dókítà máa pè padà láìpẹ́. A jókòó, à ń wo fóònù. Ọ̀kan lára wa ń fi epo pa wọ́n lọ́wọ́. Wákàtí mẹ́ta àbọ̀ lọ báyìí. Nígbà tí dókítà pè, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé kí lẹ ṣì ń ṣe nílé? Wọ́n wà láàyè, a dúpẹ́, àmọ́ apá ọ̀tún ò tí ì padà bọ̀ sípò, ọmọ ọmọ wọn ló ń fún wọn lóúnjẹ. Mi ò bú áàpù náà, ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé tó bá jẹ́ pàjáwìrì ká má dúró wà níbẹ̀, ó kàn kéré bí ẹyin iná ni.

Nọ́ọ̀sìTóTiFẹ̀yìntì
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á bá wa mú bàbá dìde. Ẹ jọ̀ọ́ gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí: ẹnu tó bá yẹ̀, apá tàbí ẹsẹ̀ tó bá kú lójijì, ọ̀rọ̀ tó bá wọ́ lẹ́nu, àyà tó ń dunni bí ẹni gbé òkúta lé e, èémí tí ò délẹ̀, ẹ gbé mọ́tò. Ẹ̀jẹ̀ tó bá fi 180 lórí 120 hàn, kẹ́ ẹ sinmi ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ tún un wọ̀n, tó bá ṣì wà níbẹ̀ tí orí ń fọ́ni tàbí tí ojú ń ṣókùnkùn, mọ́tò náà ni. UCH ò tì o, Adéọ̀yọ́ ò tì, ibi pàjáwìrì wọn ń ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ kòrónà ni tiyín jọ, 6232 ni nọ́ńbà NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, ọ̀fẹ́ ni.

(Ẹni tó bi mí ní ìkọ̀kọ̀ nípa ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ọmọ ìka láti fi wo atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀: tó bá ti jẹ́ 95 sókè ó dáa, tó bá ń wálẹ̀ sí 93, 92, ẹ má sùn lé e lórí. Ẹ nu kútẹ̀ẹ̀sì kúrò, làálì dúdú náà máa ń tàn án jẹ, kọ́wọ́ sì móoru.)

ỌmọOlófì
20 Oṣù Kẹfà 2020

Mo ti dé pẹ̀lú ìròyìn. Ẹ jókòó.

Ẹ̀rọ náà, ₦14,000 ni àbúrò mi rà á. Ọjọ́ kìíní, 168 lórí 96. Mo fẹ́ máa sunkún. Mo ní kó ya fídíò bó ṣe ń wọ̀n ọ́n fún mi kí n rí i. Ẹ̀yin èèyàn mi, orí apá bùbá léèsì ló di nǹkan náà mọ́, màmá ń nawọ́ gan-an sókè bí ẹni tó fẹ́ dá bọ́ọ̀sì dúró, wọ́n sì ń sọ fún un pé ìyá kan ní Bẹẹrẹ ò tí ì san owó aṣọ láti ọdún àná. Mo ní kó ka ohun tí Nọ́ọ̀sì kọ sétí wọn látòkè délẹ̀. Láti ọjọ́ kejì, 148 lórí 86, 144 lórí 84, ibẹ̀ yẹn ló ń yí sí. Màmá ní àṣé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹjọ a pe dókítà. ₦3,000, obìnrin ni, wọ́n fún mi ní fólíò wọn kí n tó béèrè. Aago méje àárọ̀, fóònù ti agolo mílíìkì, màmá wé gèlè. Gèlè o! Wọ́n ní èèyàn ò lè fi orí lásán pàdé dókítà. Mo sọ gbólóhùn tí OníkẹmíìsìAgbowó ní kí n sọ, dókítà ní dúró, ẹ gbé páálí ẹ̀ sójú kámẹ́rà. Wọ́n wò ó. Wọ́n ní kí màmá ka nọ́ńbà láti 1 dé 20 láìmí sí i láàárín, wọ́n kà á dé 20 tán wọ́n fi 21 àti 22 ṣe jàrà. Wọ́n ní kí wọ́n na ẹsẹ̀ kí wọ́n wo kókósẹ̀ bóyá ó wú, kí àbúrò mi fi ìka tẹ̀ ẹ́ bóyá ó máa jin. Wọ́n bi wọ́n nípa oorun, bóyá ìrọ̀rí kan ni wọ́n ń lò àbí mẹ́ta. Wọ́n bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni nínú ilé ń ṣàìsàn, bóyá wọ́n ń làágùn lóru, bóyá wọ́n ń rù. Ìgbà yẹn ni màmá sọ ohun tí wọn ò sọ fún èmi ọmọ wọn, pé ikọ́ kọ́ ló ń dun àwọn, bí àwọn èèyàn ṣe ń sún àga ni.

Dókítà dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, Màmá, ó jọ pé oògùn yìí ló ń ṣe yín, kì í ṣe kòrónà. Wọ́n yọ lisinopril kúrò, wọ́n fi losartan 50 mg rọ́pò ẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n má dá amlodipine dúró. Wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́, gbogbo ẹ̀ hàn kedere. Àmọ́ wọ́n ní àwọn ò lè gba ẹ̀jẹ̀ látinú fóònù, kí màmá lọ síbi àyẹ̀wò kan ní Mọ́kọ́lá láàárọ̀ kí wọ́n yẹ kíndìnrín àti potassium (irú iyọ̀ kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀) wọn wò, pé tí ikọ́ ò bá lọ lọ́sẹ̀ mẹ́rin kí wọ́n wá ya fọ́tò àyà (X-ray). Àgbo kan nínú méjèèjì, wọ́n ní kí wọ́n gbé e sílẹ̀ ná. Èkejì, ó jẹ́ pé omi ewé efinrin lásán ni.

Ìpè já lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kan, àbúrò mi gbàgbé pé dátà ẹ̀ ti fẹ́ tán. Yàtọ̀ síyẹn kò sí nǹkan.

ÌyáÌbejì_Mọ́kọ́lá
22 ṣe jàrà!! Ẹ bá mi kí màmá. Omijé bọ́ lójú mi níbi ọ̀rọ̀ àga yẹn.

OníkẹmíìsìAgbowó
Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ padà wá sọ. Kẹ́ ẹ tó ra losartan, tí páálí ẹ̀ bá ní ibi tí wọ́n ń fá, ẹ fá a kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà ibẹ̀ ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC ara ẹ̀ náà. Ikọ́ yẹn ò ní lọ lọ́jọ́ kan o, ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin, ẹ sọ fún màmá kí wọ́n má bínú sí i.

BàbáAlágbo
Ẹ̀n. Dókítà obìnrin yẹn, ṣé ẹ lè fi nọ́ńbà wọn ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀? Ìyàwó mi ni.

Nọ́ọ̀sìTóTiFẹ̀yìntì
😂 Bàbá, ẹ kú iṣẹ́.

ỌmọOlófì
5 Oṣù Keje 2020

1 oṣù keje ni wọ́n ní ká lè máa rìn láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, ọjọ́ kejì ẹ̀ mo ti wà ní Ìbàdàn. Òjé ni mo ti ń kọ èyí. Lánàá mo jókòó ti màmá láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí wọ́n fi kírun ìrọ̀lẹ́, mo ń ka ikọ́ lábẹ́lẹ̀ bí ẹni ń ka owó àjọ: ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ata ìyá tó ń dín ńkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló sì fa ìyẹn. Èsì kíndìnrín dáa, potassium wà níbi tó yẹ kó wà. Ìwé ẹ́sásáìsì wà lórí fíríìjì, 134 lórí 80 ni ti àárọ̀ yìí, màmá fúnra wọn ló kọ ọ́, nọ́ńbà wọn tóbi bíi nọ́ńbà mọ́tò.

Ti àwọn tó sún àga ńkọ́? Ẹnìkan ti sún un padà. Ó wá ra òfì pàápàá, màmá sì já owó fún un, èmi ì bá má já kọ́bọ̀. Ẹnìkejì ò tí ì wá. Àbúrò mi dá ọgbọ́n kan, ó fi màmá sórí ìpè ẹgbẹ́ wọn lálaalẹ́ ọjọ́bọ̀ torí pé wọn ò tí ì máa pàdé, àwọn ìyá mẹ́fà tí gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò lè gbọ́ nǹkankan ṣùgbọ́n ẹ máa gbọ́ ẹ̀rín. Wọ́n ti ń ta aṣọ níbẹ̀. Mo rí i tí màmá gbé òfì kan sójú kámẹ́rà bí wọ́n ṣe gbé páálí oògùn sójú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá mẹ́rin nínú àdúgbò ló ń wá wọn ẹ̀jẹ̀ lọ́dọ̀ wa báyìí, wọ́n máa ń fọ ọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wọ ìbòmú, màmá sì ń ké mọ́ wọn pé kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n bi Nọ́ọ̀sì pé níwọ̀n ìgbà tó ti di 134, ṣé àwọn lè dá Maggi padà sínú ọbẹ̀ ilá díẹ̀, ẹyọ kan péré.

Nọ́ọ̀sìTóTiFẹ̀yìntì
Rárá.

ỌmọOlófì
Wọ́n ní ìlàjì ńkọ́.